Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òfì Bàbá Mi

Láti kékeré ni ara mi kì í balẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ìdúró ni mo ń jẹun, bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Agbo ilé àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n sì wá bí irú mi sí, níbi tó jẹ́ pé ìjókòó gan-an ni iṣẹ́. Mo jókòó sídìí òfì títí mo fi di géńdé, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo gbádùn rẹ̀. Nígbà tí kọ́ọ̀tù ń wá mẹ́sẹ́ńjà tó gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀, mo dìde, n kò sì jókòó sídìí òfì mọ́. Bàbá mi kò bá mi jà. Odidi ọdún kan, tí mo bá kí i, á dá mi lóhùn, ó parí nìyẹn.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń bójú tó kọ́ọ̀tù wa nígbà náà fẹ́ràn gọ́ọ̀fù ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n kò rí òyìnbó mìíràn bá a gbá a. Ló bá fún mi ní ògbólógbòó ọ̀pá kan àti bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Ó ní bí ọyẹ́ bá ń parí lọ, ọ̀rẹ́ òun kan ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá gbá gọ́ọ̀fù, òun fúnra òun yóò sì ṣí lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá gbá a dáadáa lójú àlejò náà, òun á mú mi dání. Láti ọjọ́ náà, ara mi nìkan ló kù ní Ìsẹ́yìn. Ọkàn mi ti dé Ọ̀yọ́.

Ilẹ̀ gbangba tó wà nítòsí ilé wa ni àwọn ahunṣọ ń ta òwú sí. Òwú á nà láti iwájú òfì lọ jìnnà, wọn á gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ kí kọ́ọ̀tù tó ṣí. Mo ń gbá a bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo di ọ̀pá mú bí ọkọ́, mo ń gbé e ká orí, mo ń sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ á fò, bọ́ọ̀lù á wà níbi tó wà. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò bi mí pé irú iṣu wo ni mo fẹ́ gbìn tí mo fi ń kọ ebè láàárín ìlú. Inú bí mi, mo tún yára sí i. Ajẹ́lẹ̀ ní kí n máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti ní Ọ̀yọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù kan gbéra lóòótọ́, ó sì lọ tààrà sínú òwú bàbá mi. Fọ́nrán mẹ́ta já. Gbogbo òfì dákẹ́. Bàbá mi dìde, ó so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ojú mi, ó sì padà jókòó. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ó ní, "Wá. Kí lò ń kà lẹ́nu láràárọ̀?"

"Iye tí mo ti gbá ni, Bàbá."

"Mélòó ló dáa níbẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀.

"Nígbà tí mo ń kọ́ ọ níṣẹ́, ṣé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo fún ọ ní ọ̀kọ̀?"

Nílé wa, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú lọ gbé e bọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́. Òfì òfìfo ni yóò máa tẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tí àgbàlagbà kan yóò kọ ẹ̀yìn sí i, tí yóò máa fi etí gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ náà ti dọ́gba. Èmi ni mo jí ọ̀kọ̀ gbé kí ọjọ́ tó pé.

Ó ní, "Kó àwọn nǹkan yẹn sápò. Bí o bá gbọ́ ẹsẹ̀ mi, gbé ọ̀pá sókè. Bí mo bá gbá òwú pọ̀ kó lè le, jẹ́ kí ọ̀pá wálẹ̀. Má lù ú. Jẹ́ kó wálẹ̀ ni."

Gbogbo ọyẹ́ yẹn, bàbá mi ń hunṣọ, èmi ń ju ọ̀pá lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìsí bọ́ọ̀lù. Àlejò ń bọ̀, mo sì ń gbá afẹ́fẹ́. Bí mo bá sáré ju ìró òfì lọ, á ní, "Tún un ṣe." Kò sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tó ṣe, apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn kí èmi fúnra mi tó mọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní, "Gbé ọ̀kan kalẹ̀." Bọ́ọ̀lù náà kọjá lórí gbogbo òwú, ó lọ bọ́ sídìí igi igbá lójú ọ̀nà Ìpàpó. Bàbá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Àlejò dé. N kò borí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò tì mí. Ìró òfì wà létí mi títí a fi gbá a tán. Ajẹ́lẹ̀ ní kí n lọ di ẹrù mi.

Láàárọ̀ tí mo ń lọ, bàbá mi gbé aṣọ kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́. Ìwọ ni kí o wọ̀ ọ́." Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò sí ẹni tí kò mọ aṣọ bàbá mi ní gbogbo Òkè-Ògùn, ó máa ń le bí awọ.

Nígbà tí a sinmi lójú ọ̀nà, mo tú u wò. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ la máa ń hun kí a tó rán wọn pọ̀. Àwọn ọ̀já àkọ́kọ́ dẹ̀ débi pé mo ń rí oòrùn láàárín wọn. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn le díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló le bí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń dúró de apá mi láràárọ̀ kó tó gbá òwú tirẹ̀ pọ̀, kí n lè mọ ohun tí n óò fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn tí a jọ ń lọ dìde, wọ́n gbé ẹrù, wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo jókòó.