Àfòpiná Abẹ́ Ẹ̀ka

Láti ọjọ́ tí Thoan ti wọlé ọkọ ní agbègbè Thanh Hà ni ọgbà vải, igi eléso kéékèèké tí èèpo rẹ̀ pupa, ti di ayé rẹ̀. Đạc ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba èso pupa yìí lọ́wọ́ àfòpiná: kí èèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ igi, kí ó máa wo abẹ́ ẹ̀ka, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò náà ń sùn lójúmọmọ. Bí wọ́n bá rí i, wọn a tètè fín oògùn. Bí wọn kò bá rí i, ọmọ rẹ̀ á gba ìdí èso wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí èso yóò fi pọ́n.

Đạc kú. Ẹ̀yìn Thoan gan, ìdùbúlẹ̀ sábẹ́ igi sì di ìnira fún un. Ó di ọdún bíi mélòó kan tí oníbàárà ti ń dá ẹrù rẹ̀ padà nítorí ìdin, Khiêm ọmọ rẹ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n mọ́.

"Màámi, bí kòkòrò bá tún wọ tọdún yìí, mo máa gé gbogbo ẹ̀ lulẹ̀. Ọsàn ni màá gbìn."

"Igi tí bàbá ẹ fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn?"

"Ṣé ẹ ti wo abẹ́ ẹ̀ka? Àbí kí n kàn fín oògùn?"

"Mo ti wò ó, kò sí nǹkan kan. Àbí o rò pé ojú mi ti fọ́ ni?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Adìẹ aládùúgbò lẹ sáà fún lóúnjẹ láàárọ̀, ẹ rò pé tiwa ni."

Thoan wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìdúró ló ti wò ó.

Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, ọjọ́ ọdún tí gbogbo ilé ń fi ìrẹsì tí wọ́n rẹ di ọtí àti vải ṣínu kí kòkòrò inú ara lè kú, Thoan gbé abọ́ èso síwájú àwòrán Đạc. Khiêm bó ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kún fún ẹ̀gbin dúdú bí kọfí lílọ̀, ìdin funfun kan sì ń yí nínú rẹ̀. Ó bó òmíràn. Bákan náà ni.

"Èyí tó yẹ ká fi pa kòkòrò rèé," ni ó wí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì dun ìyá rẹ̀ jù. Ó dìde, ó lọ gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì.

Thoan wọ inú ọgbà, ó rọra dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbìn, lábẹ́ ẹ̀ka tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú. Àfòpiná náà wà níbẹ̀. Kò tó hóró ìrẹsì. Ó pa àwọ̀ eérú bí èèpo igi. Ìlà funfun tín-ín-rín ń rìn kọ́lọkọ̀lọ lórí ìyẹ́ rẹ̀ tí ó pa dé. Ṣóńṣó ìyẹ́ náà pọ́n bí pupa inú ẹyin. Ìwo rẹ̀, tí kò nípọn ju irun lọ, sì gùn ju gbogbo ara rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn, títí dé ibi tí ojú rẹ̀ kò ríran dé mọ́.

"Màámi, ẹ dìde ńbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni igi yìí máa wó sí."

"Khiêm, mo ti rí i."

"Mo mọ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó gbé ayùn sílẹ̀ ná, ó sì na ọwọ́ láti fà á dìde.