Ebè Tẹ̀tẹ̀ Inú Ọgbà Ẹranko

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Òṣogbo. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ ń rọ̀. Ìdí tí mo fi tètè jáde ni pé ìgbẹ́ ẹranko ni mo ń lọ kó, èyí tí oòrùn bá sì ti pa kì í ṣeé yẹ̀ wò dáadáa mọ́. Lọ́dún tó kọjá ni mo parí ẹ̀kọ́ nípa àìsàn ẹranko ní yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ báyìí lábẹ́ dókítà ẹranko kan. Ọgbà ẹranko kékeré kan lẹ́yìn Iléṣà, ní ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ló ránṣẹ́ pè wá. Ẹtu méjì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín oṣù méjì. Ó ku ẹyọ kan, òun náà sì ń rù.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo san ní gáréèjì. Mo gbé kúlà lé ẹsẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí wò ó títí.

"Àǹtí, ẹja lẹ gbé ni?"

"Rárá, mà. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹranko ni mo fẹ́ fi gbé bọ̀."

Awakọ̀ yíjú pa dà. "Ìgbẹ́ kẹ̀? Ẹ lọ sí yunifásítì, wọ́n wá ní kí ẹ máa kó ìgbẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ẹnu ọ̀nà iléèwé, kò sì kó ìgbẹ́ rí!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán, torí omi ti bo àwọn kòtò ojú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe jìn tó. Ní Iléṣà, mo fi àkàrà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mu ẹ̀kọ, mo sì gun ọ̀kadà gba àárín oko kòkó kọjá.

Bàbá Ògúndélé, olùtọ́jú àwọn ẹranko náà, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àgbẹ̀ kòkó ni kó tó gba iṣẹ́ yìí. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Kú ewu ọ̀nà, Dókítà. Wá wo ulé àwọn ọmọ mi." Ulé ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé.

"Mi ò tíì di dókítà, sà."

Gbogbo ilé ẹranko ọ̀hún mọ́ tónítóní. Mi ò rí ìgbẹ́ kankan, bó ti wù kó kéré mọ.

"Bàbá, mo ní kí ọ̀gá yín bá mi sọ fún yín pé kí ẹ má gbálẹ̀ o."

"Ó sọ. Ṣé kí àlejò ti Òṣogbo wá, kí n wá mú un gba inú ìgbẹ́ kọjá? Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n dúró. Ẹtu náà fara ti igun, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ìdí rẹ̀ sì tutù fún ìgbẹ́ gbuuru. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá ní mo ń jí oúnjẹ wọn tà. Ó ní bí èyí náà bá kú, kí n máa lọ sílé. Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ ebi ni, sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ebi, kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n yé pè mí lólè."

Mo ní mi ò lè ṣèlérí ohun tí mi ò tíì rí. Mo ní kó jẹ́ kí n rí oúnjẹ wọn.

Inú rẹ̀ dùn. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ọgbà, níbi tó kọ ebè tẹ̀tẹ̀ sí. Tẹ̀tẹ̀ náà tutù yọ̀yọ̀; mi ò tíì rí irú rẹ̀ ní Òṣogbo.

"Mi ò ra ajílẹ̀ rí," ni Bàbá wí. "Ìgbẹ́ wọn ni mo ń kó síbẹ̀ láràárọ̀. Mo tún ń gé ewé rẹ̀ fún wọn ní tútù. Nǹkan kan ò ṣòfò."

Ìgbẹ́ àárọ̀ náà ṣì wà nídìí ewé. Òjò ti ta erùpẹ̀ rẹ̀ mọ́ ewé lára. Mo rántí àwọn ọ̀bọ etí odò lọ́dọ̀ wa: bí wọ́n bá yàgbẹ́ síbì kan, wọ́n á kọjá lọ jẹun níbòmíràn. Ẹtu inú ọgbà kò ríbi kọjá sí.

Nígbà tó yá, ẹtu náà yàgbẹ́. Mo pò ó mọ́ omi iyọ̀, kí ẹyin aràn lè léfòó, mo sì fi awò kékeré tí mo kó sínú àpò wá, èyí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wò ó. Ẹyin náà kún ibẹ̀ bí ìrẹsì inú abọ́. Mo ní kí Bàbá wò ó.

"Ẹyin aràn ni, sà. Kò jọ pé ebi ni."

Ó kígbe sí àwọn ọ̀bọ inú àgò: "Ẹ gbọ́ o! Ògúndélé kì í ṣe olè!" Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ibo laràn ọ̀hún gbà wọlé?"

Mo sọ fún un pé ìgbẹ́ ẹranko kan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Pé wọ́n ti sin méjì ìṣáájú láìyẹ̀ wọ́n wò. Pé wọ́n lè ti gbé aràn náà bọ̀ láti inú igbó. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Ìyẹn lohun tó ṣeé ṣe. Èwo lo gbà gbọ́?"

"Tẹ̀tẹ̀ náà, sà. Aràn inú ìgbẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ewé."

Ó jókòó sórí bíríkì. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bọ́ àwọn méjèèjì. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀."

"Bàbá, ọ̀gá lè torí ẹ̀ lé yín."

"Bí o bá fi pamọ́, ẹni tó bá gbaṣẹ́ lẹ́yìn mi á tún ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó ní òun á gbé oògùn wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo sọ fún Bàbá pé kó má gé tẹ̀tẹ̀ náà mọ́, mo sì kí i pé ó dìgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Òṣogbo. Kí n tó lọ, èrò mi ni pé ibi tí wọn ò bá ti bìkítà fún ẹranko ni aràn ti ń pọ̀. Ibi tí mo ti bá a kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó tọ́jú ẹranko tó Bàbá yẹn. Mo kọ ohun méjèèjì sínú ìwé. Mo kọ "ó ṣeé ṣe" ṣáájú ọ̀rọ̀ tẹ̀tẹ̀, nítorí bí ẹ̀rí mi ṣe tó nìyẹn.

Mi ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀nà nígbà tí Bàbá pè mí.

"Ẹtu náà ti kú, ọmọ mi. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, sà."

"O ṣé," ló wí, ó sì pa fóònù.