Ilé Tí Ọpọlọ Mi Kò Tíì Kó Kúrò

Ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀jọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ṣàlàyé fún wọn pé bí ìnira bá pẹ́ lára ènìyàn, ó lè dé inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀.

"Jíìnì tí a jogún lára òbí wa kò yí padà," mo ní, "iṣẹ́ tó ń ṣe ló ń yí padà. Àwọn jíìnì kan á dákẹ́, àwọn mìíràn á máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé ewu ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ibẹ̀ ni mo dé tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lórí páànù.

N kò rántí bí mo ṣe jáde. Inú kẹ̀kẹ́ márúwá ni mo ti bá ara mi, tí mò ń pariwo mọ́ awakọ̀ pé kó yára, Okokomaiko ni mò ń lọ.

A ti gbé Okokomaiko rí, nínú ilé kan tí àgbàrá máa ń wọ̀. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, èmi àti ọkọ mi á ti máa gbé ẹrù sókè. Lọ́jọ́ kan, omi ti dé ìbàdí mi kí n tó rí ọmọ wa gbé. Ọdún púpọ̀ la fi wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí márúwá gbé mi dé, ìlẹ̀kùn ilé náà ṣí sílẹ̀. Mo wọlé, n kò kí ẹnikẹ́ni. Mo gbé àpò ìrẹsì sórí àga, mo gbé fáànù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí ká kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà gbójú sókè.

"Ọmọ mi, kí lò ń fi ẹrù mi ṣe?"

"Omi ń bọ̀, mà! Níbo lẹ gbé ọmọ mi sí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn ara mi. Ọmọ mi wà ní ilé ìwé ní Ìbà, níbi tí a ti kó lọ láti ọdún tó kọjá. Ìyá yìí ló gba ilé náà lẹ́yìn wa. Bàtà mi ti fi ẹrẹ̀ ba kápẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́, àwọn ará ilé sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, mà. Èmi ló ń gbé ibí tẹ́lẹ̀."

Ìyá àgbà náà bi mí pé, "Ṣé omi máa ń wọ ibí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lánlọ́ọ̀dù ò sọ fún mi o." Wọ́n dìde, wọ́n gbé ẹ̀wà wọn sórí tábìlì.

Omi kò wọlé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó fi bí mo ṣe sá jáde rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ìbá sàn. Ọmọbìnrin kan rọra bi mí pé, "Mà, ṣé iṣẹ́ jíìnì yẹn lè padà sí bó ṣe wà?"

Mo ní àwọn jíìnì kan lè padà bí ìrọ̀rùn bá dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnì kan pàtó. N kò lè wò ó lójú. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó yẹ sẹ́ẹ̀lì tèmi wò, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó ṣe mí nìyẹn.

N kò tíì sọ fún ọkọ mi. Mo ti ń lọ rí dókítà. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ojú má tì mí. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Ojú ṣì ń tì mí.