Ọdún tí Bẹ́ǹṣì Wa Ṣófo

Òórùn egbò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí abúlé náà. Ọdún tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n gbé mi wá láti Ìlá pé kí n máa kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tí à ń pè ní dìsìpẹ́ńsárì. Èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n kún ilẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, sòbìà ń yọrí jáde lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn bí òwú funfun. Iṣu wọn wà lóko, kò rí ẹni wà á. Ẹ má bínú o, inú mi dùn. Ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì, kí ló tún ń wá? Mo rò pé bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni mo ṣe wúlò tó.

Ọ̀gá mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bàbá Dókítà ni gbogbo abúlé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà. Láràárọ̀, dípò kó jókòó ti oògùn, odò ló ń lọ. Ó ní inú omi mímu ni sòbìà ti ń wọ èèyàn lára, kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ omi, kí ẹni tó légbò má sì ki ẹsẹ̀ bọ odò mọ́. Ó pín aṣọ funfun fún àwọn obìnrin, ni wọ́n bá yarí. "Aṣọ òkú kẹ̀? Ẹ fẹ́ ká máa fi aṣọ òkú sẹ́ omi mu?" Mo ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe kó gbogbo aṣọ náà lọ bá aláró kan ní Ìlá, ó ní kó rẹ ẹ́ láró, ó tún kó o padà wá. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Síbẹ̀ mò ń bú u nínú: ṣé ìdí tí ìjọba fi gbà á síṣẹ́ nìyí, kó máa dúró létí odò bí apẹja?

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kẹta dé, bẹ́ǹṣì wa ṣófo. Gbogbo wọn ti lọ sóko. Ẹni tó kù tó ń wá ṣáá ni Ìyá Ìbejì, tí gìrì máa ń mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti já ọmọ yẹn gbà lọ́wọ́ ikú.

Ìgbà náà ni lẹ́tà dé pé olùbẹ̀wò ń bọ̀, pé ibi tí aláìsàn ò bá ti pọ̀, wọ́n máa gbé ilé ìwòsàn ibẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti pọ̀. Ìròyìn náà tàn káàkiri. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò, abúlé rọ́ dé! Àwọn kan ń tiro, àwọn kan di ewé mọ́ ojúgun, Baálẹ̀ fúnra wọn ń wúkọ́ wúkọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n máa lọ sóko wọn, pé ara tó le kì í ṣe ohun tí à ń fi pa mọ́.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká purọ́ ọjọ́ kan péré. Bí gìrì bá mú ọmọ yìí, mi ò ní lè gbé e dé Ìlá."

Ọ̀gá mi fà á dìde. Ó ní ọ̀mọ̀wé ni olùbẹ̀wò, pé bó bá gbọ́ pé àrùn ti lọ, inú rẹ̀ á dùn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí olùbẹ̀wò dé, gbogbo wọn ti lọ sóko. Ó ṣí ìwé tí mo ń kọ orúkọ aláìsàn sí, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. N ò lè mú un mọ́ra. "Sà, sòbìà ti tán pátápátá!"

"Kí wá lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Ọ̀gá mi ṣàlàyé odò, ó ṣàlàyé aṣọ. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún òun, iye aláìsàn ló ń béèrè, pé kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tí kò ṣàìsàn sí. Oṣù yẹn ò tíì parí tí lọ́rì fi wá kó bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù oògùn lọ. Ọ̀gá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé èmi lọ síbi tí èrò ti ń wọ́ tìrítìrí, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ lẹ́tà ìyìn sí mi.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n dá mi padà pé kí n lọ ṣí ilé ìwòsàn náà. Aṣọ ti gbó, ẹnikẹ́ni ò dúró létí odò mọ́, sòbìà ti padà, àwọn aláìsàn sì ti tó iye tí ọ́fíìsì ń fẹ́. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Ọmọ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. N ò béèrè, òun ló sọ fún mi: ojú ọ̀nà Ìlá ni ọmọ tí gìrì ń mú kú sí, lẹ́yìn rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n sí. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́. Ó ń wo ọwọ́ mi.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ṣé àìsàn wa ti tó báyìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ egbò rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ti rẹ̀ mí. Gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, iye èèyàn tí a tọ́jú ni wọ́n ń bi wá, mo sì ń kà á fún wọn.