Búrọ́ọ̀ṣì Ọwọ́-ò-gbọ̀n

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n fọ aṣọ nílé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni o, aṣọ dókítà ni o, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Alágbàfọ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é ládùúgbò títí dòní, kò sì fi ṣe ìbínú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni pé aṣọ kì í purọ́. Aláìsàn lè sọ fún dókítà pé òun jẹ oúnjẹ òun tán. Ọbẹ̀ tó rọra dà sábẹ́ ìrọ̀rí ni yóò tú àṣírí rẹ̀ fún ẹni tó ń fọ aṣọ.

Aláago ni ọkọ rẹ̀. Aago tó kéré bí èékánná ọmọdé ni ọkùnrin yìí máa ń tú palẹ̀, tí á sì tò ó padà láìṣẹ́ nǹkan kan kù. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá tó bí i sọ ọ́ lọ. Nígbà tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò gbélé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ oníke, àwọn tó máa ń wà nínú páálí ní ègé wẹ́wẹ́, tí èèyàn á gé, á fi gúlù lẹ̀ pọ̀, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lọ́dà. Ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òkun, wọ́n kún inú kọ́bọ́ọ̀dù débi pé àwo oúnjẹ ò ríbi jókòó mọ́.

Ó mọ ọ̀dà kùn, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kò mọ búrọ́ọ̀ṣì í fọ̀. Bó bá ti lò ó tán, ó di inú ife, ó dọ̀la. Ọjọ́ tí Alágbàfọ̀ rí ọ̀kan tí ọ̀dà ti gbẹ mọ́ lórí, tó le bí egungun ẹja, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ń kùn, ẹnì kejì ń fọ̀.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Kò pẹ́ tí obìnrin tí kò kun ọ̀dà rí láyé rẹ̀ fi di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ irun búrọ́ọ̀ṣì. Á kọ́kọ́ fi àkísà nu ọ̀dà kúrò, láti ọrùn lọ sí ṣónṣó. Á rì í sínú tínà tó ń yọ́ ọ̀dà díẹ̀, á tún un nù, á wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ yí i lórí àtẹ́lẹwọ́ títí ìfófò rẹ̀ á fi funfun. Kì í lo omi gbígbóná, torí ìyẹn ló ń yọ gúlù tó wà nínú irin ọrùn, irun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í re. Bó bá parí, á fi ètè méjèèjì fa ṣónṣó rẹ̀ kó tọ́, á gbé e dúró sínú ife, irun lókè. Èyí tó tín-ín-rín jù nínú wọn, èyí tí wọ́n lè fi kọ lẹ́tà sára ìrẹsì, ló sọ ní Orogún, nítorí ó ní ìyẹn ni ọkọ òun ń dì mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, á na ọwọ́, á ní kí ọkọ òun gbé orogún òun wá kí òun wẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí.

Búrọ́ọ̀ṣì náà kì í purọ́. Bí ọ̀dà ò bá kọjá ìdajì irun, a jẹ́ pé ọkàn ẹni tó lò ó balẹ̀. Bó bá fi lè gun ọrùn, a jẹ́ pé inú ń bí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọrùn lójoojúmọ́, irun Orogún sì ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alágbàfọ̀ wo ojú ọkọ rẹ̀, kò rí ìbínú níbẹ̀. Ó wá ń ṣọ́ ọ. Ó rí i pé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé ife tíì báyìí, àti pé kì í de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ bí òun bá wà nítòsí.

Ó pa ẹnu mọ́, ó ń retí kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé kan, tó na ọwọ́ bó ṣe máa ń ṣe, tí ọkọ rẹ̀ fa búrọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn, tó ní kó má ṣèyọnu mọ́, òun á máa fọ̀ ọ́ fúnra òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ta ló ń gba iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ èèyàn láìro ẹjọ́? Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó lọ fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí àkókò tó burú tó ìgbà náà. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù lórí òkun, ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá. Ọkọ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́ gan-an ni bàbá rẹ̀ ń ṣe fún un. Ara rẹ̀ funfun, ìlà pupa kan yí i ká, tín-ín-rín bí òwú. Ọmọ ti ṣàlàyé lórí fóònù ibi tí òun máa gbé e sí nínú yàrá òun lórí omi, bàbá náà sì ti fọ́nnu pé ó ku ìlà pupa nìkan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà kúkú ju èje lọ. Ìlà yẹn gan-an ni kò ṣeé fà. Ìgbà méje ni ọkùnrin náà fà á, ìgbà méje ló nù ún kúrò, Alágbàfọ̀ sì ń bá àwọn àkísà náà nínú garawa ìdọ̀tí.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Alágbàfọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ láti gbálẹ̀, ó sì rí Orogún nínú ìgò tínà. Orí ló fi dúró, irun rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀ mọ́ ìdí ìgò. Inú kọ́kọ́ bí i. Ìgbà tó ronú sí i ni ìbínú náà yọ́. Ẹni tí kì í gbàgbé nọ́ọ̀tì aago tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ, kò lè gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì. Kò gbàgbé rárá. Ó ti juwọ́ sílẹ̀ ni. Omijé bọ́ lójú obìnrin náà níbi tó dúró sí.

Ó fọ Orogún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi ọṣẹ pa irun rẹ̀, ó fi ìka fà á títí tó fi tọ́, ó sì jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn lára, kí irun náà lè rántí bó ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀. Ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọkọ rẹ̀ rí i pé Orogún kò sí nínú ìgò mọ́, kò béèrè. Òun náà kò sọ.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ó ṣan ọṣẹ náà kúrò, ṣónṣó Orogún sì padà sípò. Ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú ọkọ̀ òkun náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ tábìlì. Alágbàfọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ara orogún mi ti yá,” ó ní. “Àmọ́ látoṣù tó kọjá ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọwọ́ yín ń gbọ̀n.”

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. Ó sọ pé òun ti lọ rí dókítà, pé dókítà ní oògùn lè dín in kù, kò lè mú un lọ. Ó ní òun fẹ́ parí tọmọ yìí ná kí òun tó la ẹnu.

“Ta lẹ wá ń fi pamọ́ fún? Èmi tí mò ń fọ gbogbo nǹkan tó bá tọwọ́ yín jáde?”

“Orúkọ wo ni wọ́n á wá máa pè mí báyìí?”

Òwe pọ̀ nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dí ihò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ fa àga, ó jókòó tì í. Ó wo ọkọ̀ náà, ó wo tábìlì tó tẹ́jú, ó wo fáìsì kékeré tí ọkọ rẹ̀ fi ń há aago mú nígbà tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wá béèrè ohun tí oníṣẹ́ ò ní ronú kàn láéláé: ṣé dandan ni kí búrọ́ọ̀ṣì lọ bá ọkọ̀ ni? Ṣé ọkọ̀ ò lè wá bá búrọ́ọ̀ṣì?

Ọkọ rẹ̀ fa fáìsì náà sún mọ́ra. Ó há awò aláago mọ́ ojú, ó ní kí ìyàwó òun de Orogún mọ́ fáìsì, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kó tún gbé e sókè bí ìbú irun kan. Ọwọ́ ìyàwó ló ń ṣe é, ojú aláago ló ń wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin náà po ọ̀dà pupa títí tó fi ń ṣàn bíi wàrà, ó fi igi ìṣáná kán an sórí ṣónṣó irun. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n Orogún kò gbọ̀n. Alágbàfọ̀ wá rọra ń ti ọkọ̀ náà kọjá lórí tábìlì.

“Rọra. Má wò mí, ọkọ̀ ni kó o máa wò. Dúró... ó yá, máa bọ̀.”

Bí ọ̀dà bá tán, wọ́n á dúró, igi ìṣáná á tún kán an. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí ìparí ìlà tó pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò bára mu tán. Ó fi díẹ̀ yẹ̀. Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí àkísà.

“Fi sílẹ̀,” ọkọ rẹ̀ wí. “Àwa méjèèjì la fà á.”

Ó tú fáìsì. Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yí lórí tábìlì, ó tún un mú. Kò fi ọwọ́ náà pamọ́ mọ́. Ó nà án sí ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀.

“Gba orogún ẹ,” ó ní. “Bá mi wẹ̀ ẹ́.”

Alágbàfọ̀ gbà á, ó gbé e lọ sídìí omi, ó sì wo irun rẹ̀ dáadáa kó tó nù ún. Ọ̀dà kò kọjá ìdajì.