Ẹ̀wù Tí Bernie Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ̀

Kò sí bí wọ́n ṣe lè dárúkọ Bernie Kuczmarski, tó ń tẹ ẹ̀wù tà ní gúúsù ìlú Milwaukee l'Amẹ́ríkà, kí ẹnìkan má rántí ọjọ́ tó ta ẹ̀wù ìṣẹ́gun kí eré tó parí. Idì, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wọn, ló ń borí. Bernie kó tíṣẹ́ẹ̀tì tó ti tẹ "Àwa La Gba Ife" sí láyà jáde sẹ́nu ọ̀nà pápá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé a kì í sọ ọmọ lórúkọ kí a tó bí i. Kò gbọ́. Idì pàdánù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tẹ "Ó Ku Díẹ̀ Kó Jẹ́" sókè ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ kan ló fi tà wọ́n tán.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya idì ara ẹ̀wù. Oníbàárà kan bi í pé kí ni adìyẹ ń wá níbẹ̀.

"Idì ni," Bernie dá a lóhùn. "Ìyà ló jẹ ẹ́."

Lorraine ìyàwó rẹ̀ kò bìkítà fún bọ́ọ̀lù. Ẹ̀wù kan péré ló ń bá a jà lé lórí. Bí Idì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í borí léraléra, ẹ̀wù tó wà lọ́rùn Bernie lọ́jọ́ náà kò gbọdọ̀ kan omi títí wọn yóò fi pàdánù, kí oríire má bàa bómi lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti Bernie ní òógùn, íńkì àti músítáàdì, ọbẹ̀ ìjẹ-sọ́séèjì, nínú. Gus Pfaffenroth, aládùúgbò wọn, a máa ti fèrèsé nítorí òórùn rẹ̀. Lorraine gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta.

"Ṣé èmi lo fẹ́ ni, àbí ẹ̀wù yìí?"

"Ìwọ ni. Àmọ́ ẹ̀wù ló ń borí."

Inú oṣù kẹjọ ni Bernie kú, nígbà tí Idì ń borí lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn ìsìnkú, Lorraine ti gbé ẹ̀wù náà dé ẹnu ẹ̀rọ ìfọṣọ kí Gus tó di apẹ̀rẹ̀ aṣọ mú.

"Jọ̀ọ́, Lorraine. Wọn ò tíì pàdánù."

Lorraine fi ẹ̀wù náà kọ́ àga Bernie ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àga. Idì ń borí. Lorraine tí kò bìkítà rí wá ń jókòó ti rédíò, ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ náà. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pàdánù, òun ni yóò fọ Bernie kúrò nínú rẹ̀.

Ewé ti ń rẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdánù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Gus gbé ọṣẹ wá, ó ṣí fìlà. Ó bá Lorraine lórí àga Bernie. Ẹ̀wù náà ló wọ̀, ó fa ọrùn rẹ̀ bo imú.

"Ó ti parí, Lorraine. O lè fọ̀ ọ́ báyìí."

"Ó ku díẹ̀," ni Lorraine wí.

Gus fi ọṣẹ sápò. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé òórùn náà bọ̀.