Pákó Kẹta Láti Ọwọ́ Òsì

Baba Rufus Ọláfimíhàn ti kú, pákó ló sì pa á. Pákó ìtàgé ni, nínú gbọ̀ngàn ìjọba kan nílùú Oǹdó, ẹ̀kẹta láti ọwọ́ òsì. Ó ku ọjọ́ kan péré kí eré rẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń wòkè, ó ń júwe ibi tí wọn yóò gbé iná kọ́, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó sì gbàgbé. Pákó yẹn dá sí méjì, ìbàdí Bàbá náà kán. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dákẹ́ ní ọsibítù. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni.

Ta ló ti wo eré rí ní Oǹdó tí kò mọ Bàbá? Òun ló ń kọ eré, òun ló ń ṣe ọba nínú rẹ̀, òun náà ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú adé lórí. Bí ọmọ bá ń sunkún níwájú, ọba á dá ọ̀rọ̀ dúró lórí ìtẹ́, á ní, "Ìyá ọmọ, ẹ fún un lọ́mú, a máa dúró." Gbogbo ààfin á sì dúró lóòótọ́. Ìyá mi ní èmi náà ti dá ọba dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé Bàbá máa ń kọ lẹ́tà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú eré tuntun kọ̀ọ̀kan, á fi kábọ̀nù sábẹ́ ìwé kí ẹ̀dà lè wà nílé, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àkúrẹ́, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n kúkú mọ ara wọn. Yéjídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kó àwọn ẹ̀dà náà hàn mí. Méje ni. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wà lára gbogbo wọn, pé àwọn ti gbà á.

Èyí àkọ́kọ́ kà báyìí: "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, pákó kẹta láti ọwọ́ òsì ti jẹrà. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán káfíńtà." Kò sí èsì. Èkejì: "Ọ̀gá mi, pákó tí mo sọ fún yín lọ́dún tó kọjá ní kí n kí yín." Kò sí èsì.

Ẹ máa ní kí ló dé tí Bàbá ò ra pákó fúnra rẹ̀. Ó rà á! Ó tún mú káfíńtà dání. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà ló dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má bínú. Dúkìá ìjọba ni. Tí ẹ bá kan ìṣó kan péré mọ́ ọn, iṣẹ́ mi ló máa lọ." Bàbá gbé pákó rẹ̀ padà sílé. Ẹ̀yìnkùlé ló wà títí dòní, wọ́n ń jókòó lé e ṣa ẹ̀wà.

Kí ni Bàbá wá ṣe? Ó kọ́ àwọn òṣèré rẹ̀ ní fífò. Ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ á rìn jẹ́jẹ́, tó bá dé ibẹ̀, á fò. Àwọn ọmọ-ogun á fò. Àwọn tó gbé pósí á fò, òkú inú rẹ̀ á sì yára di etí pósí mú. Àwọn òǹwòran rò pé àrà ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kò pẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ní Àkúrẹ́, tí pákó tiwọn pé pérépéré, bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bàbá wá kọ lẹ́tà karùn-ún: "Ọ̀gá mi, pákó yín ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àtẹ́wọ́ tàn yín jẹ."

Mo lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Arábìnrin Bímbọ́lá tó wà nídìí tábìlì àbáwọlé kí mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, fáìlì Bàbá ò sọnù o. Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá. Àdírẹ́ẹ̀sì Bàbá ni kò yé wa, òun la ò ṣe lè fèsì. Ẹ máa lọ ulé, a máa pè yín."

Àdírẹ́ẹ̀sì kẹ̀? Ọjọ́ kejì tí Bàbá kú ni lẹ́tà ìbánikẹ́dùn dé láti ọ́fíìsì yẹn kan náà, dírẹ́bà wọn ló fi ọwọ́ gbé e wá, kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ṣé ìgbà tí Bàbá kú ni ilé rẹ̀ wá hàn lójú títì ni? Ẹ sì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: "A kò ní gbàgbé ijó fífò àrà ọ̀tọ̀ tí olóògbé dá sílẹ̀." Yéjídé kà á débẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀, ó ti ń sunkún.

Wọ́n ní ọ̀gá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ìyìn lórí ìtàgé náà. Mo ti lọ wò ó. Kò sí káfíńtà tó débẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n tẹ́ bo ihò náà mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ka lẹ́tà méje tó sì jókòó lé wọn, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kí ó dúró níwájú Yéjídé ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ tún ìtàgé ṣe. Tí pákó bá wọ́n yín, èyí tí Bàbá rà ṣì wà lẹ́yìnkùlé, a máa dìde lórí rẹ̀ fún yín.

Tí ẹ ò bá ní ṣe é, ọ̀gá, ẹ ṣáà máa bọ̀. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹ ka pákó kìíní, ẹ ka èkejì. Tí ẹ bá dé ẹ̀kẹta, mo bẹ̀ yín, ẹ má fò.